Àpò Kajú Tí Wọ́n Dà Pọ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Iṣẹ́ Tó Nítumọ̀

Bí ẹ bá wọ ilé tí wọ́n ti ń pa kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ariwo irin ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Àwọn obìnrin jókòó ti tábìlì gígùn. Ọwọ́ kan ń ki kóró sáàárín ọ̀bẹ méjì, ẹsẹ̀ ń tẹ irin nísàlẹ̀, èèpo á là, wọ́n á sì yọ ọmọ inú rẹ̀ síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà fọ́. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí wọ́n fi òróró pa ọwọ́, nítorí omi inú èèpo kajú ń bó awọ èèyàn bí omi bátìrì. Kóró kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, òmíràn á ti dé ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á ní kò sí bí irú rẹ̀ ò ṣe ní í sú èèyàn. Ohun tí mo kọ́ nídìí rẹ̀, tí mo sì tún bá ní ilé ìwé, ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ilé búrẹ́dì àti nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, yàtọ̀ sí ìyẹn. Iṣẹ́ ojúkan kì í tètè sú èèyàn tó iṣẹ́ tí a ò mọ ibi tó ń já sí. Ìyá tó ń pa kajú lè jókòó ti irin náà fún ọdún mẹ́wàá kí ara rẹ̀ sì máa yá sí i, bó bá mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, tó sì ń rí i pé òun pa á re. Akọ̀wé tó jókòó sábẹ́ fáànù lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago láti aago mẹ́wàá àárọ̀, bó bá ti fura pé kò sí ẹni tó ń ka ohun tí òun ń kọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ooru omi se kajú, tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó tutù mọ́jú, tí wọ́n sì ti pa á, wọ́n á gbé ọmọ inú rẹ̀ sínú ààrò fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 70 lórí Celsius, kí awọ pupa tó bò ó lè gbẹ. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré bó awọ yẹn kúrò. Ìgbà náà ni ó kan àwọn tó ń ṣà á. W180, W210, W240, W320, W450: nọ́ńbà yẹn dúró fún iye ọmọ kajú tó ń wọ ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 454. Tí wọ́n bá ní W320, ohun tí wọ́n ń wí ni 300 sí 320 nínú pọ́n-ùn kan. Èyí tó tóbi jù ló wọ́n jù. Odindi ní ọ̀tọ̀, ìlàjì ní ọ̀tọ̀, èérún ní ọ̀tọ̀, èyí tí iná jó díẹ̀ ní ọ̀tọ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi ń yà wọ́n, ẹni tó bá ti ń ṣe é láti àárọ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n.

Ní bí aago mẹ́ta, oníbàárà kan dé. Ó fẹ́ èyí tí wọ́n pò mọ́ra, kó lè rà á ní pọ́ọ́kú. Ọmọkùnrin tó ń gbé àpò á sún mọ́ tábìlì, á gbé abọ́ W240, á gbé abọ́ W320, á da méjèèjì sínú àpò kan náà lójú àwọn tó ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láti àárọ̀. Kò sí ẹni tó bú wọn o. Owó ọjọ́ wọn pé. Àmọ́ ẹ wo abọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ẹ ó bá kékeré nínú ńlá, ẹ ó bá èyí tó dúdú nínú funfun. Ọ̀gá á ní àwọn obìnrin yìí ti ya ọ̀lẹ.

Dan Ariely, onímọ̀ nípa ìwà èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú nǹkan yìí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa to ohun ìṣeré Lego gba owó: dọ́là 2 fún àkọ́kọ́, kí sẹ́ǹtì 11 máa yọ kúrò nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, kí oníkálùkù sì dúró nígbà tí owó náà ò bá tó o mọ́. Àwọn kan ń wo èyí tí wọ́n ti tò bó ṣe ń pọ̀ sí i lórí tábìlì níwájú wọn. Ní ti àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe ń to ọ̀kan lọ́wọ́ ni wọ́n ń tú èyí tí wọ́n tò tán palẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n lè tún un gbé fún wọn. Owó ò yàtọ̀ rárá. Àwọn àkọ́kọ́ to nǹkan bí 10.6 lórí òṣìṣẹ́ kan, àwọn kejì ò kọjá 7.2. Ohun ìṣeré lásán mà ni o, tí kò sí ẹni tó máa gbé e relé.

Gbogbo iléeṣẹ́ ló ní àpò tirẹ̀ tó ń dà pọ̀. Tíṣà á kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ títí di aago mọ́kànlá alẹ́, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé á fọwọ́ sí i láìṣí ìwé náà. Akọ̀wé á tẹ ìròyìn oṣooṣù ní ẹ̀dà mẹ́ta, fáìlì á gbé e mì. Akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á jókòó ti ìṣirò fún odindi ọjọ́ Sátidé, tó bá dé ìpàdé tó fẹ́ kà á, ẹnì kan á dìde: "Alága, mo dábàá pé ká gbà pé wọ́n ti kà á." Wọ́n á ní "Àtẹ̀lé wà!" Wọ́n á kọjá sí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ nítumọ̀ ní iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nǹkan kúrò kó tó fi nǹkan kún un. Ẹ ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nídìí iṣẹ́ rẹ̀, fún 20 ìṣẹ́jú, ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀ tí iṣẹ́ ti gbóná. Ẹ má pè é wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́, ọkàn rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò nígbà yẹn. Bó bá ju yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ fa àpótí kan, kí ẹ jókòó síbi tó rẹlẹ̀ sí tirẹ̀. Ọ̀gá tó nàró lé àgbà lórí tó ń bi í léèrè iṣẹ́, "Kò sí wàhálà, sà" ni ìdáhùn tí yóò gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìbéèrè mẹ́ta ló tó. Kí lẹ ṣe lánàá tó gba àkókò yín, tí ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lò ó? Ta ló ń lo ohun tó bá kúrò lọ́wọ́ yín? Bí ẹ ò bá wá lọ́la, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára?

Àkọ́kọ́ ni wọn ò ní í fẹ́ dáhùn, nítorí ó jọ pé ẹ fẹ́ mú wọn. Ẹ dákẹ́, kí ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á jáde. Ìkejì ló máa ń ya ọ̀gá lẹ́nu jù: ẹni tó ti ń bó awọ kajú láti ọdún mẹ́rin lè má mọ̀ bóyá jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ni tàbí wọ́n ń fi í ṣe òróró. Ìkẹta ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá dáhùn pé "Ẹni tó ń mú orúkọ láàárọ̀ ni" ti sọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Ohun tí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá dárúkọ fún ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìpariwo. Bí kò bá sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má fọwọ́ kan ìwé tí òfin ní ká máa kọ o: àkọsílẹ̀ oúnjẹ tí NAFDAC lè wá wò, ìwé owó orí, ìwé aláìsàn. Ẹ má dán ìyẹn wò. Ní ti àpò kajú tiwa yẹn, bó bá di dandan kí wọ́n dà á pọ̀, kí ọ̀gá ti sọ ọ́ láàárọ̀ pé ti òní ò nílò ṣíṣà, kí àwọn tó ń ṣà lọ bá àwọn tó ń bó awọ ṣe é. Kí a máa fi pamọ́ lọ dà á pọ̀ nínú yàrá ìkẹ́rù kò lè tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n á gbọ́, yóò sì dùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ti yọ ìwọ̀nyẹn kúrò, ó wá ku kí òṣìṣẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ sí. Àwọn baba wa ò ní ìṣòro yìí. Nínú àáró, oko lágbájá la wà lónìí, oko tèmi ló kàn lọ́la. Mo mọ ebè tí mo kọ, mo mọ ilé tí iṣu rẹ̀ ń lọ. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tó gbẹ́ igi àpá tàbí ọmọ̀ fún ìlù, títí dé ẹni tó fi awọ bò ó tó fi ọsán fà á, gbogbo wọn lè pàdé ìlù náà lọ́rùn onílù níbi ìnáwó. Bí kò bá dún, onílù á gbé e padà wá kó tó di ọjọ́ kẹta. Ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà lórí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ wà fún. Iléeṣẹ́ ìsinsìnyí ti gé iṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì ti gbé ẹni tó ń lò ó lọ síbi tó jìnnà. Kajú gan-an ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà, pẹ̀lú èèpo lórí rẹ̀ ló ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vietnam àti Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Àgbẹ̀ tó gbìn ín kò mọ ohun tó ń dà.

Adam Grant, onímọ̀ nípa ìwà òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń jókòó ti fóònù, wọ́n ń tọrọ owó ìrànwọ́ fún yunifásítì lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí irú owó bẹ́ẹ̀ rán níwèé wá bá apá kan nínú wọn, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò tí àwọn wọ̀nyí ń lò lórí fóònù ti fi ìdá 142 nínú ọgọ́rùn-ún lé, owó tí wọ́n ń rí gbà sì ti fi ìdá 171 lé. Àwọn tó ka lẹ́tà irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ láìrí ojú rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyẹn. Ìwé tí ọ̀gá lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè ṣe ohun tí èèyàn ẹlẹ́ran ara yóò ṣe.

Ta lẹ máa wá mú wá? Ẹni tó súnmọ́ jù tó ń lo ohun náà. Ní ilé búrẹ́dì, ìyá tó ń kiri búrẹ́dì ní Tàkìé ni, kì í ṣe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń di egbò ni yóò ṣàlàyé fún àwọn tó ń nu ilẹ̀ ohun tí ilẹ̀ tí wọn ò nù dáadáa ń fà sí egbò aláìsàn. Ní ilé ìwé, ọmọ tó jáde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó ti ń kọ́ṣẹ́ tàbí tó wà ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa. Ní ilé kajú, àgbẹ̀ tó ta èso fún yín kó wá wo bó ṣe ń dà, kí ẹni tó ń ra èérún láti fi ṣe kéèkì sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mìíràn. Ti ẹni tó ń ra èérún yẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí àwọn obìnrin tó ń pa kajú gbà pé èyí tó bá ti fọ́ ti di ìdọ̀tí nìyẹn. Bí oníbàárà bá jìnnà, ẹ ra ọ̀rá tàbí ike tí wọ́n fi ń tà á, kí iye owó wà lára rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ọwọ́ wà. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá kọ́ ni ibi rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Kó wà nídìí iṣẹ́, kí àlejò náà dúró ti tábìlì, kó sọ ọ́ lédè tirẹ̀: bó ṣe rí kó tó rí nǹkan yìí rà, bó ṣe rí báyìí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ bi í ní ìbéèrè. Kí ọ̀gá dúró lẹ́yìn, kó panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òmíràn tó tún wá, kó má sì jẹ́ ẹnì kan náà.

Ibi tí ó máa ń bàjẹ́ sí kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá. Wọ́n á sọ ọ́ di ayẹyẹ. Kánópì á dé, tábìlì olókìkí á dé, wọ́n á pín omi inú ọ̀rá àti mínírà, wọ́n á pe káńsílọ̀. Wákàtí mẹ́ta á lọ. Bó bá jẹ́ owó kílò ni wọ́n ń san, apá ńlá nínú owó ọjọ́ àwọn obìnrin náà ti bá kánópì lọ. Ohun tí wọ́n máa rántí nìyẹn. Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an, ẹ sanwó rẹ̀. Èkejì: àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ̀gá, "Ọlọ́run á máa bá wa dá wọn sí." Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà. Bí fóònù bá ti jáde tí wọ́n ń ya fídíò fún ojú ìwé Facebook iléeṣẹ́, gbogbo ojú á yí padà, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ni ọjà.

Ní 1976, J. Richard Hackman àti Greg Oldham, àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, to nǹkan márùn-ún tó ń mú kí iṣẹ́ wọ èèyàn lọ́kàn: kí iṣẹ́ lo ju ọgbọ́n ọwọ́ kan lọ, kí èèyàn ṣe odindi nǹkan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ó kan ayé ẹlòmíràn, kí ẹni náà ní àṣẹ díẹ̀ lórí rẹ̀, kí ó sì máa rí bó ṣe ń ṣe sí. Mo ti sọ ti ìkẹta. Ti odindi nǹkan ló tún gba sùúrù jù.

Ní ilé kajú, bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é ni pé kí tábìlì obìnrin mẹ́rin gba àpò kan, kí nọ́ńbà tábìlì wà lára rẹ̀, kí àwọn mẹ́rin yìí pa á, kí wọ́n bó o, kí wọ́n ṣà á, kí nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e dé inú páálí. Sísè àti ààrò ò sí níbẹ̀; ẹni tó mọ iná ni kó wà nídìí iná. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ẹ má fi sídìí ṣíṣà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iye tó ń jáde á lọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó mọ pípa ò tíì mọ bíbó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń sá padà. Ẹ sọ fún ẹni tó ni owó ṣáájú pé yóò lọ sílẹ̀, kí ẹ sì má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Tábìlì méjì tó.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń sanwó. Ẹnu ọ̀gá ń wí pé "Odindi la fẹ́," ìwọ̀n ń sanwó kílò láìbéèrè odindi tàbí àfọ́. Ìwọ̀n ni wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, kò sí àní-àní. Ẹ wọn odindi lọ́tọ̀, kí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti àfọ́ lọ, àmọ́ kí àfọ́ náà lówó lórí. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí lórí àfọ́, ẹ mú kóró 20 nínú àpò kan náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pa jù. Bí òun náà bá ń fọ́ ọ, ìdí iná ni kí ẹ lọ: bóyá kajú náà ò jinná tó, bóyá wọn ò jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tutù, bóyá ó ti gbẹ jù. Kò sí ohun tó ń lé ọkàn èèyàn kúrò nínú iṣẹ́ tó kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní ti kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí, pátákó dúdú kan àti ẹfun tó. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀: kílò eléèpo tó wọlé, kílò ọmọ inú rẹ̀ tó jáde, odindi inú rẹ̀. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún eléèpo ló máa ń mú kílò kan jáde, nítorí náà àwọn fúnra wọn á rí i bí nǹkan bá ń lọ síbi tí kò yẹ. Kí àwọn fúnra wọn kọ ọ́, ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ọjọ́ ṣì kù tí wọ́n fi lè ṣe àtúnṣe. Nọ́ńbà tábìlì ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ èèyàn. Orúkọ ẹni lórí pátákó níwájú èrò, ìtìjú ni lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ojú bá tì á ń wá ọ̀nà àtilọ ni.

Àṣẹ díẹ̀ náà kò le. Kí tábìlì kọ̀ọ̀kan yan ìgbà tí wọ́n máa sinmi, ẹni tí yóò jókòó síbo. Kí wọ́n ní owó kékeré lóṣù, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, tí wọ́n lè ná láìtọrọ àṣẹ: tìmùtìmù fún ìdí, ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ pọ́n, rọ́bà tuntun fún ọwọ́. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ má béèrè ìdí. Bí ẹ bá fi ẹnu nìkan fún wọn láṣẹ, tí ẹ sì ń yí ìpinnu wọn padà, ó sàn kí ẹ má fún wọn rárá.

Ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi férémù sí, tó wà níbi tí àlejò ń jókòó sí: ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kì í pa èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbólóhùn tó wúlò, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó má gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ ní èémí kan lọ, kí ẹni tó ń jàǹfààní wà nínú rẹ̀. "À ń pa kajú nílé kí owó pípa rẹ̀ má baà bá ọkọ̀ lọ." Ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kí ẹ ní kó sọ ohun tí iléeṣẹ́ yìí ń ṣe fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì dára.

Ìkíni wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa. Ọ̀gá tó kọjá nídìí òṣìṣẹ́ láìsọ "Ẹ kú iṣẹ́," ohun tó ṣe ti lòdì kó tó la ẹnu sọ ohun mìíràn. Àmọ́ "Ẹ kú iṣẹ́" nìkan kò tó, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ló ń wí i. Ẹ fi ohun tí ẹ rí kún un: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àpò tí tábìlì yín ṣe lánàá, mo yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀, mi ò bá èyí tó dúdú níbẹ̀. Ẹ ṣé." Bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀, ẹ má sọ ọ́. Wọ́n á mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù wá kù, òun ni ó sì yẹ kó ṣáájú nínú ètò yín. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Iléeṣẹ́ tó ń san ohun tó dín sí i, tàbí tó jẹ owó oṣù méjì, tó wá ń sọ̀rọ̀ ìtumọ̀ iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, èébú ló ń bú wọn. Kó sanwó ná. Mo sì ń kìlọ̀ ní pàtàkì fún àwọn ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run, tó pọ̀ ní ìlú wa yìí, nítorí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀. J. Stuart Bunderson àti Jeffery Thompson ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà ẹranko, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Wọ́n rí i pé ẹni tó gbà pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí òun fún ń rí ìtumọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ òun náà ló ń gba owó kékeré, tó ń fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, tó sì rọrùn fún ọ̀gá láti rẹ́ jẹ. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ fún pé "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, èrè rẹ ń bẹ lọ́run" nígbà tó ń ṣe alẹ́ kẹfà láìsinmi wà nínú ewu yìí. Ẹ kọ iye alẹ́ tí èèyàn lè ṣe léraléra sílẹ̀, kí ẹ sì lé e padà sílé bó bá ní òun fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ má kọ́kọ́ mú un lọ síbi tí yóò jókòó. Ẹ mú un rìn láti ẹ̀yìn wá síwájú: kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan páálí tó ti fẹ́ jáde, kó jẹ kajú náà, kó wo ṣíṣà, kó wo bíbó, kó wo pípa, kó wá parí rẹ̀ sídìí àpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ààbọ̀ wákàtí ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ máa ń mọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ, nítorí òun ni wọ́n ń rán lọ fi aṣọ jíṣẹ́, ó ti rí ojú oníbàárà kó tó di pé wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kan máṣíìnì.

Bí ẹ bá fẹ́ dán gbogbo èyí wò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta tí àpò kún dé àjà, tí gbogbo ènìyàn ń sáré. Oṣù keje dára, kajú ti dínkù, àyè wà láti kọ́ bíbó. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé olójú-ewé 40 náà. Ní oṣù kìíní, kí àsìkò tó tún dé, ẹ tún un bi àwọn èèyàn kan náà, ní aago kan náà, kí ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn. Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ wò jù. Mo ń retí kí ẹnì kan dáhùn pé: "Tábìlì wa ni. Wọn ò ní rí ẹni bá wọn ṣà á."